Ẹ Fẹ́ Lọ Ran Àwọn Ọmọ Tó Wà Nínú Ewu Lọ́wọ́ Nílẹ̀ Òkèèrè? Ọ̀nà Mẹ́rin Rèé, Ẹ Fi Wọ́n Wéra

Kò sí oṣù kan tí ẹnìkan kì í dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Peckham, ní London. Wọ́n ti gbọ́ pé mo lọ rí. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ Olúwa láàárín àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ. Ẹgbẹ́ wo ni kí n bá lọ?" Àwọn kan nínú wọn, ìlú òyìnbó ni wọ́n bí wọn sí. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn tàbí Ṣàgámù, òtútù kò tíì bá ara wọn mu. N kì í tètè dárúkọ ẹgbẹ́ fún wọn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi náà á kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè mélòó kan. Mo kó gbogbo rẹ̀ síbí kí n má baà máa tún un sọ nínú òtútù.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè kan ló ṣáájú lójú tèmi: tí ẹ bá ti wọkọ̀ òfuurufú padà, ta ló kù lọ́dọ̀ ọmọ náà? Tó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ni, tàbí ìyá àgbà, tàbí àbúrò bàbá rẹ̀, tàbí pásítọ̀ àdúgbò tó mọ ojúlé wọn, a jẹ́ pé ó ku ọ̀rọ̀ owó àti àkókò. Tó bá jẹ́ àlejò mìíràn tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni, ẹ dúró ná.

Owó ló kàn. Ẹ má béèrè iye tí ẹ máa san nìkan, ẹ béèrè ibi tó ń lọ. Èló ni ti ọkọ̀, èló ni ti ilé tí ẹ máa sùn, èló ló máa dé ọwọ́ àwọn tó ń tọ́ ọmọ gan-an? Ẹgbẹ́ tí kò bá lè dáhùn èyí láìlọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀, bóyá ó ń fi nǹkan pamọ́, bóyá òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ìkan kò sàn ju ìkejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá wọ́n yẹ ẹ̀yin náà wò. Inú máa ń bí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n bá ní kí wọ́n mú ìwé ọlọ́pàá wá. "Ṣé mo jọ olè ni?" Ẹ má bínú. Ní Britain níbí, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní ICPC (International Child Protection Certificate), tó wà fún ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọmọdé lókè òkun. Ní Nàìjíríà, ìwé ẹ̀rí ìwà tí ọlọ́pàá ń fúnni ni, èyí tí àwọn ará Èkó ń lọ gbà ní Alágbọn. Ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀. Á béèrè ẹni méjì tó mọ̀ yín, á jókòó bá yín sọ̀rọ̀, á sì sọ fún yín pé àgbàlagbà kan kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá. Èyí tó bá gbà yín láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pé kí ẹ ṣáà ti sanwó, ẹ sá fún un. Bó ṣe gba ẹ̀yin ló ṣe máa gba ẹni ibi.

Ó kù: kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe, èdè wo lẹ sì gbọ́? Kí ènìyàn fẹ́ràn ọmọdé dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé ọmọ òrukàn

Èyí ni tẹrú-tọmọ mọ̀, òun lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀. Àwa mọ́kànlá la gbéra láti London lọ sí ìlú kékeré kan ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, £1,400 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé ká kun yàrá ìjẹun wọn, ká sì máa bá àwọn ọmọ ṣeré lọ́sàn-án.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú ọ̀bẹ, mo ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ògiri kí tuntun lè mú. Àwọ̀ ewé ni mo bá lókè. Mo ha á, àwọ̀ ojú sánmà wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tún ha, mo bá àwọ̀ ìyeyè, àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọmọdé sì wà lára rẹ̀ ní tító, irú èyí tí wọ́n máa ń ní kí ọmọ tẹ̀ mọ́ ògiri kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ìyá tó ń se oúnjẹ níbẹ̀ dúró, ó ń wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọdọọdún ni wọ́n ń kun ún, ọdún mìíràn wà tí wọ́n kun ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ wá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò pè é. Ó ń fi ìka tọ irun dídì mi láti ìdí dé orí. Ó wá ní, "Unaondoka lini?" Mo rò pé orúkọ mi ló ń béèrè, mo sì sọ ọ́ fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyá olóúnjẹ ló túmọ̀ rẹ̀: ọjọ́ wo lo máa lọ?

Ní gbogbo ìgbà tá a wà níbẹ̀, ohun tá à ń sọ fún ara wa ni pé àwọn ọmọ yìí fẹ́ràn wa gan-an. Ìgbà tí mo dé ilé ni mo tó kàwé nípa iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Bucharest, olú ìlú Ròmáníà, ní nǹkan bí ọdún 2000. Ọmọ 136 tó wà ní àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀lé. Wọ́n kó ìdajì wọn fún alágbàtọ́, ìdajì ń bá ìtọ́jú tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó tètè bọ́ sọ́wọ́ alágbàtọ́ ṣe dáadáa jù lọ ní ti ọpọlọ, ní ti ọ̀rọ̀ sísọ àti ní ti kí ọmọ fọkàn tán ẹnìkan. Kí ọmọ máa sáré gùn lé gbogbo àlejò lẹ́sẹ̀, àmì kan ni tí wọ́n mọ̀ dáadáa lára ọmọ tí kò ní ẹnìkan pàtó.

Ọ̀rọ̀ "òrukàn" fúnra rẹ̀ ń kọ́? Save the Children sọ ọ́ ní 2009 pé, ó kéré tán, mẹ́rin nínú ọmọ márùn-ún tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ló ní ìyá tàbí bàbá láàyè. Àìní owó ilé ìwé, àìní oúnjẹ, àìsàn ìyá, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń kó púpọ̀ nínú wọn débẹ̀. Kò yẹ kó ya àwa Yorùbá lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n kó Àjàyí ní Òṣogùn ní 1821, tí ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú ní ọdún kejì, tí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Freetown, ẹni tó bá rí i á ní ọmọ yìí kò lẹ́nìkan mọ́. Àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ọ ní ìwé, ó di Samuel Ajayi Crowther tí gbogbo wa mọ̀. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó pàdé ìyá rẹ̀, Àfàlà. Ìyá náà ti wà láàyè ní gbogbo ọdún márùndínlọ́gbọ̀n yẹn.

Àwọn ìjọba ti ń jí sí ọ̀rọ̀ yìí. Kẹ́ńyà dá fífún ilé ọmọ tuntun ní ìwé àṣẹ dúró ní 2017, wọ́n sì gbé ètò ọlọ́dún mẹ́wàá kalẹ̀ ní 2022 láti máa dá àwọn ọmọ padà sí agbo ilé. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé mẹ́nu kan ewu tó wà nínú kí àlejò máa lọ ṣe olùyọ̀ǹda ara-ẹni ní ilé ọmọ òrukàn nínú ìpinnu tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀tọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó kún un. Mo bi ìyá olóúnjẹ yẹn ní iye tó ń gbà lóṣù. Kò pé £70. Ohun tí àwa mọ́kànlá ná láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá á san owó oṣù rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún 18. Òun ló sì mọ ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀wà.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni mú ọ̀nà yìí, àfi ní ọ̀nà kan ṣoṣo: kí ilé náà ní ètò gidi tó ń dá ọmọ padà sí ẹbí, kí iṣẹ́ yín sì jẹ́ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Tí ẹ bá jẹ́ aṣírò-owó, tàbí pọ́ńbà, tàbí ẹni tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ẹbí, ẹ lè wúlò níbẹ̀ láìsí ọmọ kankan tó máa sunkún lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ.

Ọkọ̀ ojú omi Mercy Ships

Don Stephens àti ìyàwó rẹ̀ Deyon ló dá a sílẹ̀ ní 1978. Ilé ìwòsàn orí omi ni. Méjì ni ọkọ̀ wọn báyìí, Africa Mercy àti Global Mercy. Èyí tó kẹ́yìn yìí ní àjà 12 àti yàrá iṣẹ́ abẹ mẹ́fà. Etíkun ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń dúró sí, ó lè tó oṣù mẹ́wàá lójú kan. Africa Mercy wà ní Kùtọnu láti 2016 wọ 2017, Global Mercy sì dé Freetown ní 2023.

Àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀ ni ọmọ tí ètè rẹ̀ là láti inú ìyá rẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, èyí tí iná jó tí awọ ọrùn rẹ̀ fi fà mọ́ àyà. Iṣẹ́ abẹ náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fojú kékeré wo ewu tó wà lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní abúlé mìíràn, ọmọ tí ojú rẹ̀ yàtọ̀ lè di ẹni tí wọ́n ń pè ní àjẹ́, tàbí kí wọ́n máa fi pamọ́ kí àlejò má rí i. Ẹ bi ọkọ̀ yìí ní ìbéèrè mi àkọ́kọ́, pé ta ló kù lọ́dọ̀ ọmọ, á dáhùn pẹ̀lú ìyangàn: ìyá tàbí bàbá ló ń mú ọmọ wá, òun náà ló ń mú un lọ sílé. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ lè padà sí Manchester, kò sí ohun tó já nínú ayé ọmọ náà.

Owó ibẹ̀ ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Olùyọ̀ǹda ara-ẹni kì í gba owó oṣù, òun gan-an ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ pàápàá ń ra tirẹ̀. Nítorí náà, ìjọ tàbí ẹbí ní láti wà lẹ́yìn yín. Ìṣirò náà mọ́ lójú mi, nítorí kò sí ẹni tó ń fi owó ìtọ́jú ọmọ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi.

Dókítà kan lè lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, torí iṣẹ́ rẹ̀ kì í dá lórí kí ọmọ mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yòókù ń gba oṣù mélòó kan. Kì í sì í ṣe àwọn onímọ̀ ìṣègùn nìkan ni wọ́n ń wá. Ọkọ̀ náà nílò ẹlẹ́ńjìnnì, oníná, alásè, àti tíṣà fún àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú rẹ̀. Ibí yìí ni kí ẹ ti bá ara yín sọ òótọ́: ẹni tó bá lọ ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kó má fọwọ́ kan ọmọ kankan. Ìkòkò ni yóò máa fọ̀. Tí ìyẹn bá máa dùn yín, a jẹ́ pé fọ́tò lẹ fẹ́ lọ yà.

Àǹfààní kan wà fún àwa tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà: kò sí físà ní Freetown, ní Kùtọnu tàbí ní Lomé fún 90 ọjọ́, nítorí ECOWAS. Èdè ń kọ́? Ọmọ ìlú ni wọ́n ń gbà ṣe ògbufọ̀ nínú wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá lè bá ìyá tó ti Kétu tàbí Sábẹ̀ wá sọ̀rọ̀ tààrà bí ọkọ̀ bá tún gúnlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ ro bó ṣe máa rí létí ìyá yẹn láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kí ẹni tó wọ aṣọ funfun kí i pé, "Ẹ kú ìfarabalẹ̀ o, ìyá."

YWAM, àti àwọn tó máa ń dúró pẹ́

Loren Cunningham, ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì yìí, Youth With A Mission, ní 1960. Ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé ni ẹ̀kọ́ ọmọ-ẹ̀yìn Krístì tí wọ́n ń pè ní DTS (Discipleship Training School): bí oṣù mẹ́ta nínú kíláàsì, lẹ́yìn náà oṣù méjì sí mẹ́ta níta. Ẹ̀yin lẹ máa san owó ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá wá di òṣìṣẹ́ wọn kò ní gba owó oṣù, ìjọ àti ọ̀rẹ́ ni yóò máa gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi lórí èyí kò pọ̀. DTS dára fún ẹ̀yin tí ẹ lọ, ṣùgbọ́n torí yín ni wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, kì í ṣe torí ọmọ. Oṣù méjì ìta yẹn sì lè di ilé ọmọ òrukàn tí mo ń wí lókè yìí, bí olórí ibẹ̀ kò bá ronú. Orúkọ kan náà ló wà lára gbogbo ibùdó wọn, ṣùgbọ́n ibùdó kọ̀ọ̀kan ló ń darí ara rẹ̀, nítorí náà ibùdó tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ wádìí, ẹ má wádìí orúkọ. Ohun tó mú kí n fi wọ́n sínú ìwé yìí ni pé ẹni tó bá ṣe DTS tán lè tẹ̀síwájú sí ẹ̀kọ́ mìíràn tó dá lórí ọmọ tó wà nínú ewu, kó sì lọ dúró pẹ́.

Dídúró pẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Mary Slessor, òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ láti Dundee, dé Calabar ní 1876, ó sì kú sílẹ̀ ibẹ̀ ní 1915. Ó gbọ́ Efik bí ọmọ ìlú. Àwọn ìbejì tí wọ́n ń jù sígbó nígbà yẹn ló ń gbé wálé (ìbejì, tí àwa Yorùbá ń se ẹ̀wà fún!), ó sì tọ́ àwọn kan nínú wọn dàgbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ pe òun ní màmá, iye ọdún tó ń ná an nìyẹn.

Ẹ jókòó sílé, ẹ gba ọmọ kan tọ́ láti ibẹ̀: Compassion

Mo mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò kò fẹ́ gbọ́ èyí. Everett Swanson ló bẹ̀rẹ̀ Compassion ní 1952 fún àwọn ọmọ tí ogun Kòríà sọ di òrukàn. Ní báyìí, ìjọ Kristẹni àdúgbò nìkan ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Tógò àti Gánà wà lára wọn. Ọmọ ń gbé ilé òbí rẹ̀. Ó ń lọ sí ibùdó tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, wọ́n ń bójú tó ìlera rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ ibẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ̀yin ń san ohun tó lé díẹ̀ ní $40 lóṣù tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lẹ wà, ẹ sì ń kọ lẹ́tà.

Ó ní ẹ̀rí lẹ́yìn tí èyí tó ṣẹ́kù kò ní. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Wydick, Glewwe àti Rutledge, tẹ ìwádìí kan jáde nípa rẹ̀. Ènìyàn 10,144 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n wò, Uganda àti Kẹ́ńyà wà níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti gbà tọ́ nígbà ọmọdé fi ohun tó wà láàárín ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀ kàwé ju bí wọn ì bá ṣe kà á lọ. Ó lè dà bíi pé ó kéré. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi JSS 2 sílẹ̀.

Àléébù rẹ̀: lẹ́tà ń pẹ́. Àṣẹ ìjọba lè dé kí gbogbo rẹ̀ dúró lójijì, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà ní 2017 tí ìjọba ibẹ̀ dí ọ̀nà owó òkèèrè mọ́ wọn, tí wọ́n sì ní láti kó kúrò. Kò sì ní sí ìtàn tí ẹ máa dìde sọ níwájú ìjọ.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, dókítà, alásè tí kò kórìíra ìkòkò, tàbí oníná, tí ẹ sì lè rí oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: Mercy Ships. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé yín ní kùtùkùtù, ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kì í yá bí ẹ ṣe rò.

Ẹ kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ẹ kò tíì níyàwó tàbí ọkọ, ẹ sì ń rò ó pé iṣẹ́ yìí lè jẹ́ ti ayé yín: ibùdó YWAM tó dáa, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ́ nípa ọmọ tó wà nínú ewu, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́ta lójú kan, kí ẹ tó sọ pé ẹ ti lọ. Ẹ kọ́ èdè ibẹ̀ ṣáájú ohunkóhun.

Ọ̀sẹ̀ méjì nìkan ni ọ̀gá yín fún yín, ẹ kò sì ní iṣẹ́ ọwọ́ tí ibẹ̀ ń wá: ẹ fi £1,400 náà ránṣẹ́. Tí ara yín bá ṣì ń fẹ́ ìrìn àjò, ẹ lọ kí ìyá àgbà yín ní Ìjẹ̀bú.

Ẹ ní ilé, ẹ ní ọmọ, ẹ ní owó oṣù, kò sì sí àyè: Compassion, tàbí ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ṣe é bákan náà, kí ẹ sì kọ lẹ́tà gidi. Ọ̀pọ̀ ń sanwó, wọn kì í kọ̀wé.

Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí lèmi náà ń ṣe báyìí. Ọmọkùnrin kan ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní Tógò. Lẹ́tà rẹ̀ tó dé kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó bí méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan ní àmì funfun níwájú orí, ìyá rẹ̀ sì ní òun kò ní tà wọ́n.